Àwọn Tí Mi Ò Kì Í Kí Lọ́jà

Ní Kábà níbí, tó o bá kọjá lára èèyàn láìkí i, o ti ṣẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ìkíni wa gan-an ni wọ́n fi ń pè wá. "Okun" la máa ń kí ara wa, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lójú oko, nílé ọ̀fọ̀, títí àwọn ará ibòmíràn fi sọ ọ́ di orúkọ gbogbo wa. Ẹ wá wo irú iṣẹ́ tí mo lọ kọ́ láàárín irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀: iṣẹ́ tí kò jẹ́ kí n lè kí àwọn tí mo mọ̀ jù lọ nílùú.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Àwọn tí àrùn ọpọlọ ń dà láàmú ni mò ń tọ́jú: àwọn tó ń gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́, àwọn tó gbà pé gbogbo ayé fẹ́ pa àwọn, àwọn tó ti bọ́ra sílẹ̀ lójú títì rí kí ẹbí tó rántí pé ọsibítù wà. "Nọ́ọ̀sì àwọn wèrè" ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn. Wọ́n á pè mí bẹ́ẹ̀ tán, tí a bá pàdé, wọ́n á ní kí n bá àwọn wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀yìn ọsibítù ni yàrá mi wà, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń kó bẹ́ẹ̀dì tó ti kán sí. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni dókítà ń wá láti Lọ́kọ́ja, tí mọ́tò rẹ̀ ò bá kọṣẹ́ lọ́nà. Mo ti kọ̀wé, mo ti bẹ̀bẹ̀, mo ti bínú, kò sẹ́ni tó dáhùn.

Tí mo bá dúró kí èèyàn lọ́jà, tí mo béèrè pé ṣé ó ń sùn, ṣé ó ń jẹun, kí n tó dé ìsọ̀ kejì, àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wojú rẹ̀ bóyá nǹkan ń ṣe é. Ó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin kan tó ń din àkàrà. Ara rẹ̀ ti yá pátápátá. Mo kàn rọra di apá rẹ̀ mú láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bi í pé, "Oògùn ò tíì tán, àbí?" Ẹnu mi yìí! Kí ọjà méjì tó ná, àwọn èèyàn ti ń ra àkàrà níbòmíràn. Ó wá bá mi ní yàrá mi, kò pariwo, kò bú mi. Ó ní, "Àǹtí, wọn ò rà á mọ́."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ṣe òfin. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wá, bí mo ṣe ń ṣí káàdì fún un ni mo ti máa ń sọ fún un pé: "Tí a bá pàdé níta, mi ò mọ̀ ọ́, ìwọ náà ò mọ̀ mí. Má bínú o, kì í ṣe ìgbéraga." Gbogbo wọn ló máa ń yé. Àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń ṣàdúrà fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gba àárín ọjà kọjá lọ́dọọdún, mò ń kí ọ̀tún, mò ń kí òsì, mò ń kúnlẹ̀ fún àgbà, àmọ́ tí mo bá dé ọ̀dọ̀ èèyàn mi, ẹni tí mò ń tọ́jú, màá gbójú lọ. Ọgbọ́n tí mo gbọ́n nìyẹn o, inú mi sì ń dùn sí i. Òmùgọ̀ èmi.

Télọ̀ kan wà lára àwọn èèyàn mi. Etí ọ̀nà tó wọ ọjà ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, aṣọ ilé-ìwé ló máa ń rán jù. Nígbà tí àìsàn náà kọ́kọ́ dé, ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ òun ń sọ̀rọ̀, pé ó ń dárúkọ òun fún àwọn tó fẹ́ wá gbé òun. Okùn ni wọ́n fi dì í lọ́wọ́ wá bá mi. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tìṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló tú okùn náà níwájú mi, tó ń sunkún tó ń fi eyín já a. Abẹ́rẹ́ tí a ń gún lẹ́ẹ̀kan lóṣù ló gbà á là. Àmọ́ ẹ má rò pé ó rọrùn. Abẹ́rẹ́ tí dókítà kọ́kọ́ kọ fún un lé àwọn ohùn náà lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ le gbagidi, ó sì ń gbọ̀n. Kò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ó jókòó sí yàrá mi, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, ó ní, "Àǹtí, kí ni kí n fi èyí ṣe?" A ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, a ń ṣọ́ ọ, a ń bẹ̀rù, ó gbà wá tó ọdún kan ká tó rí ìwọ̀n tó gbé ohùn lọ tí kò gbé ọwọ́ lọ. Ìwọ̀n yẹn, tí ẹ bá jí mi lójú oorun, màá sọ ọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi wà lórí rẹ̀, kò sí wàhálà kankan.

Àbúrò rẹ̀ yìí ló ń mú un wá lóṣooṣù, kò pa ọjọ́ kan jẹ rí. Ó ti lé lẹ́ni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kò tíì lọ́kọ, kì í ṣe pé kò rẹwà. Ẹ mọ̀ ọ́n lọ́dọ̀ wa, kí wọ́n tó fọmọ fúnni, kí wọ́n tó gbọmọ lọ́wọ́ ẹni, ẹbí á ṣe ìwádìí. Ṣé olè wà nílé yẹn? Ṣé wárápá wà? Ṣé wèrè wà? Ọkùnrin kan ti fẹ́ ẹ rí, ó gbọ́ nípa ẹ̀gbọ́n, ó sá. Èyí tó wá dé báyìí, tìṣà bíi tirẹ̀ ni, ará Ìsánlú, èèyàn jẹ́jẹ́. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí ẹbí méjèèjì máa pàdé, lẹ́yìn ìgbà tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi.

Àbúrò télọ̀ wá bá mi nípa rẹ̀. Kò tiẹ̀ jókòó. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n máa wá wádìí. Tí wọ́n bá bi yín..."

Mo ní, "Ìgbà wo ni mo ti ń sọ̀rọ̀ aláìsàn mi fún ẹnikẹ́ni? Àmọ́, ìwọ, ṣé ọkùnrin yẹn mọ̀?"

"Mi ò tíì sọ. Èmi fúnra mi ni màá sọ fún un. Kí àwọn ẹbí kọ́kọ́ mọra ná."

Inú bí mi. Mo ní kó lọ sọ fún un lọ́jọ́ yẹn gan-an, pé ohun tó bá gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ àti ohun tó bá gbọ́ lẹ́nu ará ìta kò lè rí bákan náà létí rẹ̀. Mo fẹjú mọ́ ọn bí ẹni pé akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ló bá ní, "Ẹ̀yin ti lọ́kọ, Àǹtí." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun, torí pé òótọ́ ni.

Àǹtí ọkọ ìyàwó, àbúrò bàbá rẹ̀, ni ẹbí rán wá. Oníṣòwò ni obìnrin náà, ó ti dàgbà, ojú rẹ̀ mú. Kò lọ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní ìbátan kan tó ń ta ike àti abọ́ ní òdìkejì ìsọ̀ télọ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló lọ jókòó lọ́jọ́ ọjà, ó ń bá a nu abọ́, ó ń wo àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀. Lọ́jà kejì, ó tún wá. Èmi ò mọ nǹkan kan. Mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo wọ yunifọ́ọ̀mù mi, mo ń kí wọn lọ bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo kí ìyá aláta, mo kí alágbo, mo kí bàbá tó ń tún bàtà ṣe, mo kí oníke, mo tiẹ̀ kúnlẹ̀ fún àgbàlagbà tí mi ò mọ̀ rí tó jókòó tì í. Òun náà nìyẹn! Ó ní, "Okun o, ọmọ mi." Mo dìde, mo yíjú, mo rí télọ̀. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó tún gbójú sílẹ̀ sórí aṣọ tó ń rán, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wa. Mo kọjá lọ.

Ọjọ́ kejì, lọ́sàn-án, mo ń ṣa ìrẹsì níwájú ilé mi nígbà tí obìnrin náà dé. Mo gbé àga fún un, mo bu omi. Ó mu ún tán, ó wá sọ ẹni tí òun jẹ́ àti ohun tó gbé òun wá. Mo múra. Mo ti mọ ohun tí màá sọ: ìyá, ẹ má bínú, iṣẹ́ wa ò gbà wá láyè.

Obìnrin náà ní, "Mi ò ní bi ọ́ ní nǹkan kan nípa iṣẹ́ ẹ. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń búra. Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ yàtọ̀. Lánàá, ìsọ̀ mẹ́rìndínlógún ni mo kà tí o kí. O kí mi, o ò mọ̀ mí. Ẹnì kan ṣoṣo ni o ò kí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí ni télọ̀ yẹn ṣe fún ọ?"

Háà! Obìnrin yìí ti fi ìkíni mi ka ìwé tí mo tì mọ́nú àpótí! Tí mo bá ní mi ò lè sọ, mo ti sọ nìyẹn. Tí mo bá ní mi ò rí i, irọ́ tí ọmọdé máa mọ̀ ni. Mo wo ìrẹsì ọwọ́ mi. Ohun tó wá sí mi lẹ́nu ni mo sọ.

Mo ní, "Ìyá, ìjà ló wà láàárín wa. Ó ba aṣọ mi jẹ́."

Ó ní, "Aṣọ wo?"

Mo bá gbé irọ́ náà ga. Mo ní lésì ni, èyí tí mo fẹ́ wọ̀ síbi ìsìnkú ìyá ọkọ mi, pé ó gé e kúrú, pé apá kan gùn ju èkejì lọ, pé mo ní kó tún un ṣe, ó tún wá bà á jẹ́ tán pátápátá. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, inú tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi sí télọ̀ náà. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwọn télọ̀! Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀." Ó dúpẹ́ omi, ó lọ. Mo jókòó, mo ń yin ara mi. Mo ní, wò ó, o gba ọmọbìnrin yẹn là. Mi ò sọ fún ọmọbìnrin náà. Mi ò sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ní ó ti tán.

Kò tán o. Àgbà ni obìnrin náà, àgbà tó bá sì gbọ́ ìjà lọ́dọ̀ wa, ó máa parí ẹ̀. Láti ilé mi, ìsọ̀ télọ̀ ló gbà lọ tààrà. Inú rere ló fi lọ. Ó jókòó, ó bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, a ò ní pẹ́ di àna ara wa. Lọ bẹ nọ́ọ̀sì yẹn. Lésì tí o bà jẹ́ fún un ṣì ń dùn ún."

Télọ̀ dá ẹ̀rọ dúró. Ó ní, "Lésì wo?"

Obìnrin náà sọ fún un, gbogbo rẹ̀, látorí ìkíni tí òun jókòó kà lọ́jà méjì títí dórí apá tó gùn jura wọn lọ.

Télọ̀ ní, "Mà, láti ìgbà tí mo ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mi ò ba aṣọ ẹnikẹ́ni jẹ́ rí. Nọ́ọ̀sì yẹn ò gbé aṣọ wá fún mi rí. Abẹ́rẹ́ ló ń gún fún mi lóṣooṣù, kí orí mi má bàa dàrú."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Kò pariwo, kò gbọ̀n. Mo ti ń tọ́jú àwọn èèyàn yìí fún ogún ọdún ó lé, mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tí orí pé nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ wo ni wọ́n máa pè ní abaṣọjẹ́ tó máa dákẹ́? Obìnrin náà dìde, ó kí i, ó wọ mọ́tò padà sí Ìsánlú. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti ránṣẹ́ pé àwọn ò ní lè wá mọ́.

Àbúrò rẹ̀ wá ròyìn gbogbo rẹ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Kò wọlé. Ó ní ọkùnrin náà pè é lórí fóònù, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìsàn ló dun òun jù, pé wọ́n fi pamọ́ fún òun, wọ́n sì tún parọ́ lé e ni. Ó ní, "Màá ti sọ fún un, Àǹtí. Ọjọ́ Sátidé ni mo fẹ́ sọ ọ́. Ta ló rán yín ní lésì?" Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, mo fẹ́ bínú. Mo gbọ́ ara mi tí mò ń sọ pé mo ti sọ fún un pé kó tètè sọ. Irú ọ̀rọ̀ yẹn lásìkò yẹn! Títí di òní ni mò ń bú ara mi fún un.

Ọjọ́ tí dókítà máa ń wá dé. Mo rò pé télọ̀ àti àbúrò rẹ̀ ò ní wá, àmọ́ àwọn méjèèjì wá. Mo lọ gba oògùn ní ilé oògùn iwájú, wọ́n ní kí n dúró, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ò sí nílé, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí mo fi máa padà dé, télọ̀ ti jókòó níwájú dókítà. Àbúrò rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé. Ohun tí mo bá lẹ́nu télọ̀ nìyí: "Nọ́ọ̀sì ń parọ́ mọ́ mi. Obìnrin kan wá láti Ìsánlú, ó jókòó sí òdìkejì ìsọ̀ mi lọ́jà méjì, ó ń ṣọ́ mi, ó ń ka àwọn tó ń kí mi àti àwọn tí ò kí mi. Nítorí mi ni wọ́n ṣe tú ìgbéyàwó àbúrò mi ká."

Dókítà ń kọ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó mọṣẹ́, kò sí èébú nínú rẹ̀. Kí lẹ rò pé ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ wa máa kọ? Wọ́n ń ṣọ́ ọ. Wọ́n ń parọ́ mọ́ ọn. Wọ́n ń kà. Èmi náà, ká ní ẹlòmíràn ni, màá ti kọ ọ́ kí ó tó pa ẹnu dé. Dókítà yíjú sí mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Mà, àìsàn náà ti ń padà. Ẹ jẹ́ ká gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ sókè." Ó kọ ìwọ̀n tuntun. Mo wò ó. Ó ju èyí tó sọ ọwọ́ rẹ̀ di igi nígbà yẹn lọ.

Mo wo àbúrò rẹ̀. Òun náà ń wò mí. Ó mọ̀, mo mọ̀, ó sì ń dúró dè mí.

Mi ò ní purọ́ fún yín, mi ò sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mò ń rò ó pé tí mo bá la ẹnu, dókítà máa mọ̀ pé mo jókòó níwájú ilé mi, mo ń fi orúkọ aláìsàn mi ta irọ́ fún àlejò. Ó lè kọ̀wé fẹjọ́ mi sùn. Ta ló máa wá dúró sí yàrá yìí tí wọ́n bá lé mi? Ẹ ò rí i bí mo ṣe ń wá àwáwí. Mo mú síríǹjì. Mo fi abẹ́rẹ́ wọ ìgò oògùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, ó dé ibi tó máa ń dé, mo fà á kọjá.

Télọ̀ ń wo ọwọ́ mi. Ó ní, "Àǹtí, ó ti pọ̀ jù." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó sì fi ọ̀kan bo èkejì.

Mo gbé síríǹjì sílẹ̀ lórí tábìlì. Mo ní, "Dókítà, òótọ́ ni."

"Kí ni òótọ́, mà?"

"Gbogbo ohun tó sọ. Obìnrin náà wà. Ó jókòó lọ́jà méjì. Ó ka ìkíni mi. Ó wá bi mí, mo sì parọ́ mọ́ ọkùnrin yìí. Ara rẹ̀ dá ṣáká. Èmi ni mo ṣe é."

Mo rò pé dókítà máa bú mi, kò bú mi. Ó fa ilà lórí ìwọ̀n tuntun náà, ó kọ ti tẹ́lẹ̀ padà, ó ní, "Èmi àtẹ̀yin máa sọ̀rọ̀ tí mo bá parí." Mo da èyí tó pọ̀ jù nù. Mo gún un ní ti tẹ́lẹ̀. Ojú ń tì mí débi pé mi ò lè sọ fún un pé pẹ̀lẹ́.

Télọ̀ dìde, ó di bẹ́líìtì rẹ̀, mo rò pé ó ń lọ. Ó tún jókòó. Ó tọ́ka sí fáìlì.

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀."

"Kí ni kí n kọ?"

"Pé mi ò ba aṣọ yín jẹ́."

Dókítà sún bírọ̀ sí mi. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ fáìlì, mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀ ìwọ̀n abẹ́rẹ́. Télọ̀ ní kí n tún un kà sí òun létí, lédè wa. Mo kà á: kò gba aṣọ lọ́wọ́ mi rí, kò ba aṣọ kankan jẹ́, èmi ni mo parọ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó mi orí, ó yíjú sí àbúrò rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé.

"Ṣé o gbọ́?"

Àbúrò rẹ̀ ti gbé báàgì kọ́ èjìká. Ó ní, "Mo gbọ́. Ta ló máa wá kà á fún wọn ní Ìsánlú?"